Ọkọ̀ Camry àti Ohun tí A Kọ Sí I Lára

Nínú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kà, ẹ kọ́ a, b, d. Ẹ kọ́ bí a ti í kọ orúkọ ẹni, bí a ti í ka iye owó, àti bí a ti í kọ lẹ́tà sí ọmọ tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Lónìí a fẹ́ ka ohun kan tí kì í ṣe ìwé. Mọ́tò ni a fẹ́ kà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jáde sí ẹ̀bá títì ní Igbaruku yìí ní òwúrọ̀, ẹ wo àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Odo-Ere, sí Egbe, sí Isanlu, tàbí tí ń lọ jìnnà dé Kabba. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọ̀kan tí a kọ CAMRY sí ní ìdí. Lẹ́tà márùn-ún péré ni: C, A, M, R, Y. Lóòótọ́, C kò sí nínú a-b-d Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ ti ń rí i lára agolo mílíìkì àti lára páálí oògùn, kì í ṣe àlejò mọ́. Lẹ́tà márùn-ún yìí kọ́ ni gbogbo ìwé tó wà lára mọ́tò náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú yín ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí, ìyá kan tí ń ta iṣu àti gàrí. Kí ìyá yìí tó wọ kíláàsì wa, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ ra Camry ní ìlú ńlá kan. Ẹni tí ń tà á sọ pé ọkọ̀ ọdún 2006 ni. Ó kọ 2006 sínú rìsíìtì. Ìyá kò lè ka rìsíìtì nígbà náà, ọmọ rẹ̀ kà á fún un, inú àwọn méjèèjì dùn, wọ́n sì san owó ọkọ̀ 2006. Nígbà tí ọkọ̀ dé ilé, àwa náà wà níbẹ̀. A gbàdúrà sí i, a jẹ iyán, a kí wọn kú oríire.

Ọdún kan kọjá, ìyá wọ kíláàsì. Nígbà tí a kàwé dé ibi nọ́ńbà, a ní kí olúkúlùkù lọ wá ohun kan tí a kọ nǹkan sí ní ilé rẹ̀, kí ó dà á kọ wá. Ẹnìkan da ohun tó wà lára páálí ìṣáná kọ. Ẹnìkan da ti àpò sìmẹ́ǹtì kọ. Ìyá yìí kọ nọ́ńbà gígùn kan tí ó rí lábẹ́ gíláàsì iwájú mọ́tò rẹ̀. A kà á. A tún un kà. A wo ara wa lójú. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti 2006. Ti 2002 ni.

Báwo ni a ti ṣe mọ̀? A ó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọkọ̀ náà ti wá.

LÁTI INÚ ÒFÌ NI Ó TI JÁDE

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ òfì. Ẹ mọ igi òfì tí a gbé ti ògiri, tí obìnrin jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń hun aṣọ ní ilẹ̀ Okun yìí. Ẹ sì ti gbọ́ nípa aṣọ pupa àwọn ará Bunu, aṣọ ìpò, tí a kì í fi ṣeré. Camry tí ẹ ń rí lójú títì, ọmọ òfì ni òun náà.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Jàpáànì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sakichi Toyoda. Ọdún 1867 ni wọ́n bí i. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ìtàn sọ pé ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ó ti ń ṣe làálàá nídìí òfì, ó sì ń ronú bí iṣẹ́ náà yóò ti rọrùn fún un. Ó ṣe òfì onígi kan tí ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1891. Kò sinmi. Ní ọdún 1924 òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe òfì kan tí ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu nípa òfì náà ni èyí: bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá já, òfì yóò dá dúró, kò ní hun aṣọ burúkú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Ọmọ Sakichi, Kiichiro Toyoda, ni ó mú ilé iṣẹ́ òfì wọ iṣẹ́ mọ́tò. Ní ọdún 1937 ilé iṣẹ́ mọ́tò náà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Toyoda ni orúkọ ìdílé. Wọ́n yí d padà sí t, ó di Toyota. Nínú irú ìkọ̀wé wọn, ìfàlà mẹ́jọ ni a fi ń kọ Toyota, mẹ́jọ sì jẹ́ nọ́ńbà oríire lójú wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé kì í ṣe ti wa nìkan.

Ilé iṣẹ́ yìí fẹ́ràn adé púpọ̀. Ní 1955 wọ́n ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Crown, adé nìyẹn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe Corona, adé ni ní èdè Látìnì. Ní 1966 wọ́n ṣe Corolla, adé kékeré ni. Nígbà tí ó kan ọkọ̀ tí a ń sọ yìí, wọ́n mú orúkọ láti inú èdè tiwọn: kanmuri, tí ó túmọ̀ sí adé. Kanmuri ni ó di Camry.

BÍ Ó TI DÉ ỌWỌ́ WA

Nígbà èwe wa kì í ṣe Camry ni ọba ọ̀nà. Peugeot 504 ni. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ kan ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ sí Ìlọrin tàbí Kàdúná láti ìhín, inú 504 gígùn nì ni yóò jókòó sí, orúnkún rẹ̀ yóò kan àgbọ̀n. Ọkọ̀ alágbára ni. Ó ga nílẹ̀, ó mọ ọ̀nà ẹrẹ̀. Àwa kì í bú u.

Ọdún 1980 ni orúkọ Camry kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànì, lára ọkọ̀ kan tí táyà ẹ̀yìn ń tì síwájú, gẹ́gẹ́ bí ti 504. Ní 1982 wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ni táyà iwájú Camry ti ń fa ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nítorí náà kò sí ọ̀pá irin gígùn tí ń yí lábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, àyè ẹsẹ̀ èrò sì pọ̀ sí i. Ọkọ̀ náà kò kéré bíi Corolla, kò sì tóbi bí ọkọ̀ ọlọ́lá. Ó wà láàárín. Ìdí nìyí tí ó fi bá ìdílé mu.

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá: bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Jàpáànì, kí ló dé tí a fi ń sọ pé Amẹ́ríkà ni ó ti wá? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní Jàpáànì, apá òsì títì ni wọ́n ń rìn, bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ wọn wà. Àwa náà ń rìn ní apá òsì tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò wúlò fún wa mọ́. Ní Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún ni wọ́n ń rìn gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ní ọdún 1988 Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Camry ní ìlú Georgetown, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rí. Ní 1997 Camry ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó tà jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n bá rà púpọ̀ ní ibẹ̀, òun ni wọn yóò tà púpọ̀ nígbà tí ó bá gbó, òun náà ni yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Òun ni a ń pè ní tòkunbọ̀. Àwọn kan gba Èkó wọlé, àwọn kan gba Kútọnu ní ilẹ̀ Benin, kí ìjọba tó fi òfin dá gbígba orí ilẹ̀ kó mọ́tò wọlé dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò gba orúkọ tí olówó sọ ọ́. Bí Camry bá ti pààrọ̀ ìrísí, àwọn náà á fún un lórúkọ. Èyí tí ó jáde ní ìparí 1991, tí ara rẹ̀ kún, ni wọ́n pè ní Orobo. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, ti 1997 sí 2001, tí iná iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ni Pencil Light. Ti 2002 sí 2006 ni Big Daddy. Ti 2007 sí 2011 ni Muscle, nítorí ara rẹ̀ dà bí ara ẹni tí ń gbé irin. Èyí tó jáde kẹ́yìn, tí wọ́n fi hàn ní ìparí 2023, bẹntiróòlù àti iná mànàmáná ni ó ń lò pọ̀. Ọdún 2023 náà ni wọ́n ṣíwọ́ títa Camry ní Jàpáànì, ní ilé bàbá rẹ̀. Ẹ wò ó, ọmọ lọ sí àjò, ó sì di ẹni ńlá níbẹ̀ ju ilé lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Big Daddy ti 2002 àti Big Daddy ti 2006, ìrísí wọn jọra púpọ̀. Ẹni tí kò lè kàwé lè má mọ ìyàtọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú ìyá wa.

LẸ́TÀ ÀTI NỌ́ŃBÀ MẸ́TÀDÍNLÓGÚN

Ẹ dúró ní ìta mọ́tò, ní apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí a tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 sí. Ṣáásì nọ́ńbà ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Kò sí ọkọ̀ méjì tí ó ní irú kan náà, bí kò ti sí ènìyàn méjì tí ìtẹ̀ka wọn bá ara mu.

Ẹ wo mọ́kànlá àkọ́kọ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà tó kù, a fi wọ́n sílẹ̀, nítorí ti onímọ́tò ni:

4 T 1 B E 3 2 K 5 2 U

Ẹ má bẹ̀rù gígùn rẹ̀. Ẹ kò nílò láti mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ 4, Amẹ́ríkà ni a ti ṣe ọkọ̀ náà. 1 àti 5 náà jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ J, Jàpáànì ni. T tí ó tẹ̀ lé 4 dúró fún Toyota. U tí ó wà ní ìkọkànlá dúró fún Georgetown tí a ti dárúkọ.

Ó wá ku ìkẹwàá. Ẹ fi ìka kà á, má kánjú: 4 ni oókan, T ni eéjì, títí dé ẹẹ́wàá. Ní ìhín, 2 ni. Ọdún 2002 nìyẹn. Láti 2001 dé 2009, nọ́ńbà 1 dé 9 ni wọ́n ń lò. Bí ó bá jẹ́ 6, 2006 ni. Nígbà tí 9 parí, wọ́n padà sí lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013. Kí ó tó di 2001 náà, lẹ́tà ni: Y ni 2000, X ni 1999, W ni 1998, V ni 1997. Ṣé ẹ rí i pé lẹ́tà àwọn òyìnbó tí kò sí nínú a-b-d wa tún wúlò?

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú nọ́ńbà yìí rárá, kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ohun roboto níbẹ̀, òdo ni. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nìkan ni yóò kà á.

Òfin ìkẹwàá yìí, ti ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ni. Ọkọ̀ tí a ṣe fún Yúróòpù lè má tẹ̀ lé e.

Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó ilẹ̀kùn, ìwé kan wà tí a lẹ̀ mọ́ ọn. A tún kọ nọ́ńbà 17 náà sí i. Ó gbọ́dọ̀ bá ti abẹ́ gíláàsì mu láìyẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ di owó yín mọ́ra, kí ẹ máa lọ sílé. Lára ìwé kan náà ni a kọ oṣù àti ọdún tí a ṣe ọkọ̀ náà sí. 11/01 túmọ̀ sí oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Ẹ má sọ pé, "Ahà, irọ́ ni, ọkọ̀ 2002 ni wọ́n pè é!" Kì í ṣe irọ́. Bí ọdún bá ti ń lọ sí ìparí, ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún yín pé 2006 ni, tí ẹ rí 11/01, ẹ ti mọ ohun tí ó kàn.

Bí ìwé Amẹ́ríkà bá bá ọkọ̀ wá, ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀: SALVAGE. Lẹ́tà méje. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ gidigidi rí, bóyá nínú ìjàǹbá, bóyá nínú omi, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbẹ̀ sọ pé títún un ṣe kò tó owó rẹ̀. Ọ̀dà tuntun kì í pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ìyá wa ṣe. Òun, ọmọ rẹ̀, àti ẹnìkan nínú wa padà lọ bá ẹni tí ó ta ọkọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mama, rìsíìtì yín sọ pé 2006, ẹ̀yin ní 2002. Ta ni kí n gbàgbọ́?" Owó kò padà. A kò ní fi irọ́ tù yín nínú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyá fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ kò tẹ̀ síwájú. Àwọn kan ní kí ó tà á bí ó ti rà á, ṣebí 2006 ni ó wà nínú rìsíìtì. Bàbá kan ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mama." Ìyá gbọ́ tiwọn tán. Ó ní, "Nígbà yẹn mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ní báyìí mo mọ̀ ọ́n kà." Ó ta á ní iye ọkọ̀ 2002. Ó pàdánù owó tó pọ̀, àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ sì bínú sí i títí di òní. Àwa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ó tún fẹ́ ra òmíràn, ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ dání. Ó fi èékánná ka nọ́ńbà náà lórí gíláàsì mọ́tò, ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, oníṣòwò dúró tì í, kò sọ̀rọ̀.

MÁÌLÌ KÌ Í ṢE KÌLÓMÍTÀ

Ẹ wọ inú ọkọ̀ báyìí. Ẹ wo aago tí ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Lára Camry tí ó ti Amẹ́ríkà wá, nọ́ńbà ńlá jẹ́ ti máìlì, a kọ MPH sí i. Nọ́ńbà kéékèèké tí ó wà nínú ni ti kìlómítà, a kọ km/h sí i. Máìlì 1 jẹ́ kìlómítà 1 àti díẹ̀, ìyẹn 1.6.

Òfin ilẹ̀ wa sọ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 50 lọ láàárín ìlú, tàbí 80 lójú ọ̀nà ìlú sí ìlú, tàbí 100 lójú ọ̀nà ńlá ọlọ́nà méjì. Awakọ̀ tí ó ń wo nọ́ńbà ńlá, tí ó rí 80, rò pé òun ń pa òfin mọ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: 80 lọ́nà 1.6 jẹ́ 128. Kìlómítà 128 ni ó ń sá, lójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ àti ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá! A ti jókòó lẹ́yìn irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà Mopa. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò kàn ka lẹ́tà mẹ́ta péré ni.

Bákan náà ni iye ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn. Bí ẹ bá rí 120,000, máìlì ni. 192,000 kìlómítà ni. Àwọn kan sì mọ bí a ti í dá aago náà padà sẹ́yìn. Nítorí náà ẹ wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí bíréèkì. Bí aago bá sọ pé ọkọ̀ kò rìn jìnnà, tí rọ́bà náà sì ti jẹ tán dé irin, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́, kì í sì í ṣe rọ́bà.

Nídìí jíà ẹ ó rí P, R, N, D, lẹ́yìn wọn 2 àti L. P ni kí ọkọ̀ dúró pa. R ni ẹ̀yìn. N ni kò sí níwájú kò sí lẹ́yìn. D ni síwájú. 2 àti L wà fún òkè gíga àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí ó lo 2 kò ní jó bíréèkì rẹ̀. Lójú aago bẹntiróòlù, E àti F ló wà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan rò pé E dúró fún "ẹ̀kún", ó sì ń yọ̀ bí ọwọ́ aago ti ń sún mọ́ E. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé ní ọjọ́ náà. Òfìfo ni E. F ni ó kún.

INÁ PUPA

Ẹ rántí òfì Sakichi tí ń dá dúró bí òwú bá já. Camry kì í dá dúró. Iná ni ó ń tàn fún yín, ẹ̀yin ni ẹ ó dá a dúró. Iná àwọ̀ òféfèé sọ pé kí ẹ lọ rí mẹkáníìkì láìpẹ́. CHECK ENGINE jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iná pupa sọ pé kí ẹ dúró nísinsìnyí.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn pupa dà bí ìkòkò tíì tí ẹ̀kán kan ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ́ìlì kò dé ibi tí ó yẹ nínú ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹ má sọ pé, "Jẹ́ kí n dé Isanlu ná." Awakọ̀ kan tí a mọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kò dé Isanlu, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, owó ẹ́ńjìnnì mìíràn sì kó gbogbo èrè ọdún náà lọ.

Ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa gééjì ọ́ìlì jáde. Ọ̀pá tínrín ni. Ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀; kí ọ́ìlì wà láàárín méjèèjì. Èyí ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó ní Muscle ti 2007 sí 2009 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oníhò mẹ́rin. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ ọ́ìlì bí ọmọ ti ń mu omi, láìjò sílẹ̀, nítorí òrùka tí ó yí písítìnnì ká kò dí ọ̀nà dáadáa. Toyota fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ní 2015 wọ́n fa àkókò ìdúró gún láti tún wọn ṣe ní Amẹ́ríkà. Ìdúró náà kò dé Yagba. Gééjì nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Pencil Light oníhò mẹ́rin ní bẹ́líìtì rọ́bà kan nínú ẹ́ńjìnnì tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kí ó tó já. Big Daddy oníhò mẹ́rin kò ní i. Ṣéènì irin ni tirẹ̀. Bí ẹ bá rí V6 ní ìdí ọkọ̀, oníhò mẹ́fà ni, ó lágbára, ó sì mọ bẹntiróòlù í mu. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a kò rí awakọ̀ páàkì tí ń wá V6 mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ń ta V6 lásán lọ́jà, ẹnikẹ́ni lè rà á lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Bí aago ooru bá sún mọ́ H, ẹ dúró, ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Omi ibẹ̀ yóò fò sí yín lójú.

Ọ̀rọ̀ táyà kò gùn. Lára táyà, ẹ wá DOT, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn níbẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè máa dán kí ó ti gbó.

Ẹ ka bẹ́líìtì ìjókòó nínú Camry náà. Márùn-ún ni: ti awakọ̀, ti ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ẹni mẹ́ta lẹ́yìn. Ní páàkì wa, méjì ni wọ́n ń kó síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, pẹ̀lú awakọ̀ ó di méje. A mọ ohun tí àwọn awakọ̀ yóò sọ: epo wọ́n, ọ̀nà kò dára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa kò tíì rí ẹni tí ó lè fi bẹ́líìtì kan di ènìyàn méjì.

IṢẸ́ FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onímọ́tò kan, kí ẹ dà nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ìkẹwàá tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú kọ. Ilẹ̀ wo ni a ti ṣe ọkọ̀ náà? Ọdún wo ni?

Aago Camry kan fi 50 hàn ní MPH. Kìlómítà mélòó ni? Ṣé ó pa òfin mọ́ láàárín ìlú?

Táyà kan ní 0821 lára. Ọ̀sẹ̀ wo àti ọdún wo ni wọ́n ṣe é?

Bí ẹ bá jẹ́ ìyá oníṣu, iye ọkọ̀ ọdún wo ni ẹ̀yin ìbá tà á? Ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.